Kí wọ́n tó fi sítíkà kún un: kámẹ́rà àti render ló yẹ kí wọ́n tún ṣe nínú géèmù ìje wa

Awakọ̀_Sùúrùlérè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ìje. Àwọn tó ṣe géèmù ìje tí gbogbo wa ń gbá yìí ti ní ká kọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n tún ṣe nínú irinṣẹ́ fídíò rẹ̀ kí ẹ̀dà tuntun tó jáde. Mo ti ka ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè: sítíkà, orin, àwọ̀ tó ń dán, lẹ́tà tó ń fò lójú fídíò. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ kí àwa tí a wà l'Ékòó fẹnu kò lórí nǹkan méjì kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ sítíkà: kámẹ́rà tó mọ̀ ọ́n rìn, àti render, ìyẹn sísọ ìje di fídíò, tí kò ní ṣòfò bí iná bá lọ.

Ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ náà, bó ṣe rí nìyí. Tí ìje bá parí, géèmù á tọ́jú replay rẹ̀, ìyẹn ìje náà tí o lè tún wò, fún ọ. O lè dá a dúró, o lè dá a padà sẹ́yìn, o lè yan nínú kámẹ́rà tí wọ́n ti gbé kalẹ̀: ti ẹ̀yìn ọkọ̀, ti inú ọkọ̀, ti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ti ẹ̀bá títì. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ tìẹ. Wàá fi àmì sí ibi tí o bá fẹ́ kó gbà, á sì máa rìn láti àmì kan bọ́ sí èkejì. Tó bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá tẹ bọ́tìnì, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di fídíò.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rí lójú. Mo ní replay kan tí mo fẹ́ràn gidigidi. Ọkọ̀ tí mo kùn ní ọ̀dà dánfó, yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, gba inú kọ́nà kọjá lára ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, táyà ẹ̀yìn ń rú èéfín, dígí ẹ̀gbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Mo to àmì mẹ́rin yí kọ́nà yẹn ká. Kámẹ́rà rìn geere dé àmì kejì, ó ta gìrì, ó ṣẹ́rí bọ́ sí ọ̀nà míì lójijì. Láàárín àmì kejì sí ìkẹta ó gba inú ògiri kọjá, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ títì. Láti ìkẹta sí ìkẹrin ló wá burú jù. Dípò kó yíjú díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló gbà, ó yí gbogbo ayé ká, nígbà tó máa fi kọjú sí ọkọ̀, mo ti ya àwọn méjèèjì sílẹ̀ tipẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí èèyàn rí gan-an ni fídíò náà kò fi hàn.

Mo ní kí n ṣáà fi ti ẹ̀bá títì ṣe é. Ó ku díẹ̀ kí render parí, iná lọ. Nígbà tí iná dé, fáìlì wà níbẹ̀, ó tóbi bó ṣe yẹ kó tóbi, àmọ́ kò sí ohun tó lè ṣí i. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i, ká lè kọ ohun tó yanjú ránṣẹ́ sí wọn.

Ìje_Alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, àmọ́ ṣé inú géèmù ló yẹ ká ti máa ṣe fídíò ni? OBS ni mo fi ń gba ojú kọ̀ǹpútà mi sílẹ̀ bí mo ṣe ń sá ìje, mo máa gé e ní CapCut, ó parí. OBS yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí gbájú mọ́ sáfà, ẹ̀rọ tó so gbogbo wa pọ̀, tó ń já wa sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, àti àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wà tó kàn ń kọlu èèyàn ní kọ́nà. Tí wọ́n bá jókòó ti kámẹ́rà fún oṣù mélòó kan, ìje fúnra rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Kóòdù_Yábàá

Ìje_Alẹ́, ìbéèrè gidi nìyẹn, mo máa dé orí rẹ̀. Iṣẹ́ kóòdù ni mo ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí replay jẹ́, torí ibẹ̀ ni wàhálà ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Replay kì í ṣe fídíò. Nọ́ńbà ni. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì máa ń gbà tọ́jú rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, géèmù á kọ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe sílẹ̀: ìgbà tí o tẹ búrẹ́kì, ìgbà tí o yí sítíárì, ìgbà tí o pààrọ̀ jíà. Bí o bá fẹ́ wò ó, á tún ìje náà sá látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú àwọn àṣẹ yẹn. Kì í gba àyè rárá. Géèmù Driver tí ilé iṣẹ́ Reflections ṣe fún PlayStation ní 1999 ti ní ohun tí wọ́n pè ní Film Director, níbi tí o ti lè to kámẹ́rà sí ìje tí o ti wà tán, kí o sì fi pamọ́ sórí memory card. Odindi memory card PlayStation ìgbà yẹn, 128 KB péré ni. Fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín lónìí jù ú lọ fíìfíì.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé tí wọ́n bá fi ìka kan ìṣirò táyà nínú ẹ̀dà tuntun, báyìí péré, àṣẹ kan náà á gbé ọkọ̀ rẹ lọ sínú ògiri. Dídá a padà sẹ́yìn náà kò rọrùn, torí géèmù kò mọ ibi tí ọkọ̀ wà ní àárín ìje àfi tó bá tún un sá débẹ̀, tàbí kó ti máa fi ipò rẹ̀ pamọ́ lóòrèkóòrè.

Ọ̀nà kejì: kí géèmù máa kọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bytes 40 tó fún ipò ọkọ̀ kan, ibi tó kọjú sí, àti bí táyà rẹ̀ ṣe ń yí. Ọkọ̀ 20, ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bytes 24,000 nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan gbáko kò tó 1.5 MB. Kò sí ẹni tíyẹn máa ni lára.

Ṣùgbọ́n iye ìgbà yẹn ṣe pàtàkì o. Ọkọ̀ tó ń sá 200 km/h ń gba nǹkan bíi mítà 55 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí géèmù bá ń kọ ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà 10 péré, mítà 5 àti ààbọ̀ ló wà láàárín àkọsílẹ̀ kan sí èkejì, ó gùn ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, géèmù ló ń fi orí ara rẹ̀ gbé e. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá mú un lọ́ra láti wo kọ́nà, táyà kì í kan etí títì bó ṣe kàn án nígbà tí ẹ ń wakọ̀. Ká béèrè ìgbà 30, ó kéré tán.

Ní ti kámẹ́rà tó yí gbogbo ayé ká, mo mọ ohun tó fà á. Àmì kan kọjú sí dígírì 350, èkejì kọjú sí 10. Ogún péré ló wà láàárín wọn bí èèyàn bá gba orí òdo kọjá, àmọ́ bí kóòdù bá kàn yọ 10 kúrò nínú 350, ó rí 340, ó sì gba ọ̀nà jíjìn padà. Ìṣirò tó ń yanjú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, quaternion ni wọ́n ń pè é. Unity àti Unreal tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù, àwọn méjèèjì ní in. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù kan, ọ̀gbẹ́ni Ìje_Alẹ́.

Títa gìrì ní orí àmì náà ní oògùn. Ìlà tó gún gbọọrọ ni géèmù wa ń fà láti àmì dé àmì, ìdí nìyẹn tí igun fi máa ń wà níbi tí ìlà méjì ti pàdé. Ká béèrè spline, ìyẹn ìlà tó tẹ̀ tó sì gba orí gbogbo àmì kọjá láìní igun. MediaTracker, irinṣẹ́ fídíò tó wà nínú géèmù ìje Trackmania ti Nadeo, àwọn ará Faransé, ń jẹ́ kí o yan èyí tí o fẹ́ lórí àmì kọ̀ọ̀kan: kó lọ gbọọrọ, kó tẹ̀, tàbí kó fò láìrìn rárá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la nílò, torí ìgbà míì wà tó jẹ́ pé fífò yẹn gan-an lèèyàn ń fẹ́.

Ní ti OBS, bí o ṣe ń lò ó yẹn, ohun tí ojú rẹ rí nígbà tí o ń wakọ̀ nìkan ló ń gbà. Ibi tí kámẹ́rà bá wà lásìkò yẹn ló wà títí ayé.

Àǹtí_Kámẹ́rà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni iṣẹ́ mi, Mainland àti Island. Ọmọ mi ló mú mi wọ inú géèmù yìí, ìje ò sì jẹ́ nǹkan kan lójú mi bíi replay rẹ̀.

Ìje_Alẹ́, gbọ́ o. Bí ìyàwó bá ń jó wọlé, tí mo bá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹ̀yìn gèlè ni gbogbo ẹbí máa fi owó wọn wò. Iwájú ni mo máa ń lọ dúró dè é, kó jó bá mi, kó kọjá lára mi, kí n tó yí padà. OBS tí o ń lò yẹn, ẹ̀yìn gèlè ló ń yà.

Ohun tí Kóòdù sọ nípa ọ̀nà kámẹ́rà dára, àmọ́ ẹ má gbàgbé lẹ́ǹsì. Nínú irinṣẹ́ yìí, fífẹ̀ ojú kámẹ́rà kò ṣeé yí padà, iye kan ni wọ́n so ó mọ́. Ìyẹn dùn mí ju ohun tó kù lọ. Tí mo bá gbé kámẹ́rà sílẹ̀ pátápátá, sún mọ́ ilẹ̀ títì, tí mo sì mú ojú rẹ̀ fẹ̀, ọkọ̀ á yọ láti kékeré, á wú lójijì, á sì kọjá fìrì. Èèyàn á gbọ́ eré rẹ̀ lára. Tí mo bá lọ sókèèrè tí mo mú ojú rẹ̀ tín-ín-rín, ọkọ̀ mẹ́fà tó jìnnà síra wọn á dà bí ẹni pé wọ́n ń gorí ara wọn, ẹni tó ń wò á di ọwọ́ mú. Ọkọ̀ kan náà, kọ́nà kan náà, fídíò méjì tí kò jọra. Ká béèrè pé kí àmì kọ̀ọ̀kan ní fífẹ̀ tirẹ̀, kó sì lè yí láti ọ̀kan dé èkejì.

Mo tún fẹ́ kí kámẹ́rà lè máa wo ọkọ̀ tí mo bá yan fúnra rẹ̀, kí n má baà máa fi ọwọ́ yí i. Àmọ́ kó máa lọ́ra díẹ̀. Kámẹ́rà tó bá so ọkọ̀ mọ́ àárín gbùngbùn ojú rẹ̀ láìyẹ̀, bíi ti ẹ̀rọ ló máa ń rí. Ọwọ́ èèyàn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bá nǹkan tó ń sáré, ẹni tó ń wò sì mọ̀ ọ́n lójú bí kò tiẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ tún wo táyà. Nínú fídíò wa, táyà ọkọ̀ tó ń sá eré burúkú máa ń dà bí ẹni pé ó dúró, tàbí kó máa yí sẹ́yìn. Férémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò, mọ́ kedere jù ni. Bí àwa bá ń ya fíìmù ní férémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú kámẹ́rà a máa ṣí sílẹ̀ fún ìdá kan nínú 48 ìṣẹ́jú àáyá, ohun tó bá ń sáré á sì rá díẹ̀ lójú àwòrán. Rírá yẹn ló ń sọ fún ojú wa pé eré ń lọ. Ẹ béèrè rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ ká lè yan bó ṣe máa pọ̀ tó.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó

Àǹtí, ẹ ṣeun, mo ti ń rí i lójú bí ẹ ṣe ń sọ ọ́.

Èmi ò ní kọ̀ǹpútà, fóònù ni mo fi ń gbá a, ọ̀pọ̀ wa ní apá Ìdúmọ̀tà níbí ló sì ń fi fóònù gbá a. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Òòró ni gbogbo èèyàn ń wo fídíò báyìí, 9 sí 16. Ìbú nìkan ni irinṣẹ́ wa mọ̀. Bí mo bá gé e sí òòró lẹ́yìn tó jáde, ó dín díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta péré ló máa kù nínú àwòrán, ọkọ̀ tí mo ń bá jà á sì ti bọ́ síta. Kí wọ́n jẹ́ kí n yan òòró kí n tó to kámẹ́rà, kí n lè fi ojú ara mi rí ohun tó máa wọlé àti ohun tí kò ní wọlé.

Kí wọ́n tún fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ hàn mí níbi tí àkọlé àti bọ́tìnì TikTok máa ń bo ìsàlẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún. Tí orúkọ awakọ̀ àti ipò rẹ̀ bá bọ́ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Dátà ńkọ́? Render wa kì í béèrè ohun tí mo fẹ́, ńlá ni ó ń gbé jáde ṣáá.

Bọ̀dá_Otigba

Ẹ kú ìjókòó. Ìkẹjà ni mo wà, ní Computer Village, àtúnṣe làptọ́ọ̀pù ni iṣẹ́ mi. Awakọ̀, ọ̀rọ̀ fáìlì rẹ tí kò ṣí yẹn, ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń gbé irú rẹ̀ wá bá mi.

MP4 ni irú fáìlì fídíò tí géèmù yẹn ń kọ. MP4 lásán a máa kọ àwòrán sílẹ̀ títí dé ìparí, ìgbà náà ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ atọ́ka tó ń sọ ibi tí férémù kọ̀ọ̀kan wà. Bí iná bá lọ kó tó kọ atọ́ka yẹn, gbogbo àwòrán wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi tóbi tí kò sì ṣí. MKV, irú fáìlì fídíò míì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó bá ti kọ kí iná tó lọ, wàá rí i wò. Ìje_Alẹ́ á ti rí i nínú OBS pé àwọn fúnra wọn ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó fi MKV gba nǹkan sílẹ̀, kó tó wá sọ ọ́ di MP4. Irú MP4 kan náà wà tó ń kọ atọ́ka rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ bó ṣe ń lọ. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ló dára.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ gan-an ju ìyẹn lọ. Kí render máa parí fídíò ní abala abala, ká sọ pé ìṣẹ́jú àáyá 10 fún abala kan, kó ti fáìlì yẹn pa, kó tó bọ́ sí èkejì. Bí iná bá lọ ní abala ìkẹtàdínlógún, nígbà tí iná bá dé kó bi ọ́ pé: ṣé kí n máa bá a lọ láti ìkẹtàdínlógún? Tó bá parí, á so gbogbo wọn pọ̀. Replay ṣáà wà níbẹ̀, kámẹ́rà wà níbẹ̀, férémù tó máa jáde lẹ́ẹ̀kejì kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ dátà tìẹ rọrùn. Bí fídíò bá ń gba 20 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú kan jẹ́ 150 MB. Tí wọ́n bá jẹ́ kí o fà á wálẹ̀ sí 8, ó di 60 MB. Fún ojú fóònù, 8 tó. Kí wọ́n ṣáà fi ọwọ́ ìfà kan síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ bí fáìlì ṣe máa tóbi tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí o tó tẹ bọ́tìnì.

Ìje_Alẹ́

Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo lọ ṣí replay tí mo fi ìje àná ṣe, mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀ létí títì, nǹkan tí mi ò rí nígbà tí mò ń wakọ̀ ni mo rí. Ó yé mi.

Ìbéèrè méjì ló kù. Làptọ́ọ̀pù mi kò lágbára. Bí mo bá tan gbogbo ẹwà géèmù, férémù 12 ló ń fún mi. Ṣé irú fídíò tí ẹ ń sọ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ní ẹ̀rọ olówó ńlá ni? Èkejì, kí ni àǹfààní gbogbo rẹ̀ bí replay bá pa rẹ́ nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde? Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Kóòdù_Yábàá

Ti àkọ́kọ́ ni ìròyìn ayọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Render kò ní láti bá aago rìn. OBS gbọ́dọ̀ bá aago rìn, torí o ń wakọ̀ lọ́wọ́, bí ẹ̀rọ rẹ bá fún un ní férémù 12, 12 náà ló máa gbà. Render inú géèmù lè dá aago dúró: ya férémù kan, fi pamọ́, sún ìje síwájú ní ìdá 60 ìṣẹ́jú àáyá, ya òmíràn. Fídíò ìṣẹ́jú kan ní férémù 60 jẹ́ 3,600 férémù. Tí làptọ́ọ̀pù rẹ bá ń ya 12 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìṣẹ́jú 5 ló máa gbà, fídíò tó jáde á sì rìn geere bíi ti ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá. Tí a bá fi rírá tí Àǹtí ń sọ kún un, tí géèmù ń ya àwòrán 8 pọ̀ mọ́ra fún férémù kọ̀ọ̀kan, ó di ìṣẹ́jú 40. Ta ló ní iná ìṣẹ́jú 40 tó dá a lójú? Ìdí nìyí tí abala abala tí Bọ̀dá sọ yẹn kò fi lè yà kúrò lára kámẹ́rà. Bí wọ́n bá fún wa ní ẹwà láìfún wa ní ìdúróṣinṣin, àwọn tí iná wọn kì í lọ nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Ti èkejì, kí wọ́n tọ́jú ipò ọkọ̀, kì í ṣe àṣẹ ọwọ́ nìkan, ìyípadà táyà kò sì ní lè bà á jẹ́. Kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ẹ̀dà géèmù sínú fáìlì replay, kí ẹ̀dà tuntun mọ bó ṣe máa kà á.

Awakọ̀_Sùúrùlérè

Mo fẹ́ fi kan kún ìyẹn. Kí fáìlì replay jẹ́ tiwa, kó ṣeé gbé kúrò nínú géèmù, kó ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ rántí Rockstar Editor, irinṣẹ́ fídíò inú géèmù Grand Theft Auto V. Ó dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù Kẹrin 2015, àwọn èèyàn fi ṣe fíìmù gidi. Ní oṣù Kejì 2024 wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí PS4 àti Xbox One. Irinṣẹ́ lè lọ nígbàkígbà tí olówó rẹ̀ bá fẹ́. Ohun tí a fi ọwọ́ wa ṣe kò yẹ kó bá a lọ.

Àǹfààní míì wà níbẹ̀. Bí fáìlì bá jẹ́ 1.5 MB ní ìṣẹ́jú kan, èmi lè sá ìje ní Sùúrùlérè, kí n fi WhatsApp gbé e fún Àǹtí, kí wọ́n to kámẹ́rà sí i, kí Bọ̀dá fi ẹ̀rọ tó lágbára ní Ìkẹjà ṣe render rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti ní ohun gbogbo.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ. Ẹ fi ṣe àkọ́kọ́.

Ìró ńkọ́ o? Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

Àǹtí_Kámẹ́rà

O ṣeun, ọmọ mi, ó kù díẹ̀ kí a fò ó. Nínú irinṣẹ́ yìí, ibi yòówù kí n gbé kámẹ́rà sí, etí awakọ̀ ni a fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Kámẹ́rà wà lẹ́bàá títì, ọkọ̀ ń bọ̀ lókèèrè, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń pariwo bí ẹni pé mo jókòó sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró rí ní ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré mọ bó ṣe yẹ kó rí: ohùn rẹ̀ á ga nígbà tó ń bọ̀, bó bá kọjá báyìí, á já wálẹ̀. Kí ìró wá láti ibi tí kámẹ́rà wà. Kí wọ́n sì jẹ́ kí n gba ìró ẹ́ńjìnnì, ìró táyà àti orin ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí orin inú géèmù lè mú kí wọ́n yọ fídíò mi kúrò lórí ìkànnì, bí mi ò bá sì lè yà á sọ́tọ̀, ẹ́ńjìnnì náà á bá a lọ.

Kóòdù_Yábàá

Ó bá render tó ń dá aago dúró mu pẹ̀lú. Ìró kò ní láti jáde lásìkò kan náà pẹ̀lú àwòrán. Géèmù lè ya àwòrán tán, kó wá ṣírò ìró lọ́tọ̀, kó so wọ́n pọ̀. Èyí kì í gba àkókò púpọ̀.

Ìje_Alẹ́

Èmi náà máa fọwọ́ sí i. Ẹ ṣáà fi gbólóhùn kan síbẹ̀ nípa sáfà, mo bẹ̀ yín.

Awakọ̀_Sùúrùlérè

A máa kọ ti sáfà lọ́tọ̀, àbúrò, kí wọ́n má baà rí i bí àròpọ̀. Èmi àti ìwọ la máa jọ kọ ọ́.

Èyí tó jẹ́ ti kámẹ́rà àti render, mo máa kọ ọ́ lálẹ́ òní. Bí àwọn tó ń ṣe géèmù bá ka ìròyìn pé nǹkan bàjẹ́, ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni bí wọ́n ṣe máa rí i lójú ara wọn. Kóòdù, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe lè mú kí kámẹ́rà yẹn yí gbogbo ayé ká lọ́dọ̀ tirẹ̀?

Kóòdù_Yábàá

Ó rọrùn. Ẹ ṣí replay èyíkéyìí, ẹ dá a dúró níbi tí ọkọ̀ ti wà lójú títì tó gùn. Ẹ wo kọ́ńpáàsì tó wà lókè ojú kámẹ́rà. Ẹ fi àmì kan síbi tí kámẹ́rà ti kọjú sí òsì àríwá díẹ̀, ẹ sún ìje síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ má gbé kámẹ́rà kúrò níbẹ̀, ẹ kàn yí i sí ọ̀tún àríwá díẹ̀, ẹ fi àmì kejì sí i. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìṣeré. Tó bá gba gúúsù kọjá kó tó dé, òun nìyẹn. Ẹ ṣe irú rẹ̀ kan náà ní ìkọjúsí ìlà-oòrùn, ẹ máa rí i pé kò ní ṣẹlẹ̀. Kí ẹ fi replay méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà géèmù yín.

Bọ̀dá_Otigba

Ti fáìlì tó bàjẹ́, mo ní làptọ́ọ̀pù kan lórí tábìlì níbí tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Lọ́la mo máa bẹ̀rẹ̀ render lórí rẹ̀, mo máa fa wáyà yọ láàárín, mo máa gbé MP4 tó bá ṣẹ́ kù fún Awakọ̀ kó fi kún lẹ́tà. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tiwọn ṣí i wò.